Siláṣà Tó Ń Gbọ̀n, Siláṣà Tó Ń Sáré Jù

Siláṣà ni ẹ̀rọ tí katakata máa ń gbé sẹ́yìn láti fi gé igbó tó ti le kọjá ohun tí ẹ̀rọ ìgékoríko inú àgbàlá lè gé: eèsún tó ga ju ènìyàn lọ, ẹ̀kan, ewé Akíntọ́lá tó ti gbó di igi, àti àwọn igi kéékèèké tó ti hù nínú oko tí wọ́n pa tì fún ọdún bíi mélòó kan. Siláṣà kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Agbára tó fi ń ṣiṣẹ́ ń wá láti ara ọ̀pá kúkurú kan tó yọrí jáde lẹ́yìn katakata, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní P.T.O. Pòròpẹ́là ló so P.T.O. mọ́ gíábọ́ọ̀sì tó wà lórí siláṣà. Gíábọ́ọ̀sì yìí á da agbára náà kọ sísàlẹ̀, á sì mú kí ìyípo rẹ̀ pọ̀ sí i. Irin ìdúró kan gba abẹ́ gíábọ́ọ̀sì jáde, òun ló gbé irin agbọ́bẹ, bóyá ọ̀pá irin gbọọrọ tàbí àwo irin roboto. Etí irin agbọ́bẹ yìí ni ọ̀bẹ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà, tí bóótù ńlá kọ̀ọ̀kan mú wọn lọ́nà tí wọ́n á fi lè fì síwá sẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ bá dúró, ọ̀bẹ á kàn rọ̀ sílẹ̀. Bó bá ń yí, agbára ìyípo náà ló ń nà án jáde gbọnrangandan. Bí ọ̀bẹ bá kọlu kùkùté, ó lè yẹ̀ sẹ́yìn dípò kó kán.

Ní 1918 ni ilé-iṣẹ́ International Harvester ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta katakata tó ní P.T.O., ṣùgbọ́n ó di 1951 kí ilé-iṣẹ́ Bush Hog tó gbé irú siláṣà yìí jáde ní ìlú Selma, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Láti ìgbà náà, ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Èyí tó ń gé etí ọ̀nà ní Texas àti èyí tó ń ṣán oko ọ̀pẹ nítòsí Òkìtìpupa, àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n, ìtọ́jú kan náà ni wọ́n sì ń gbà.

Nínú àwọn àìsàn náà, méjì ló burú jù: kí siláṣà máa gbọ̀n, àti kó máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà ni àwọn tó ń tún un ṣe máa ń wo méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá gbọ̀n, wọn á lọ pààrọ̀ bẹ́ríìnì. Bí ó bá ń sáré jù, wọn ò tilẹ̀ ní ka ìyẹn sí àbùkù, nítorí igbó ń tètè gé. Ṣùgbọ́n eré ló máa ń sọ àbùkù tí kò tó nǹkan di ìgbọ̀nrìrì tó ń fa irin ya. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ iye tí P.T.O. ń yí, kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà.

Eré tó yẹ àti eré tó pọ̀ jù

Ọ̀pọ̀ siláṣà oko ni wọ́n ṣe fún P.T.O. tó ń yí nígbà 540 ní ìṣẹ́jú kan. Orí ọ̀pá 540 máa ń ní eyín 6 tó nípọn, òun fúnra rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 35. Irú kejì ń yí nígbà 1,000. Eyín tirẹ̀ jẹ́ 21 bí ó bá fẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, tàbí 20 bí ó bá fẹ̀ tó mílímítà 45. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ya eyín wọn sọ́tọ̀ ni, kí pòròpẹ́là ẹ̀rọ 540 má lè wọ orí ọ̀pá 1,000.

Gíábọ́ọ̀sì siláṣà ló máa ń mú ìyípo yìí lọ sókè. Ká ní ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 1.93, èyí tó wọ́pọ̀ lára siláṣà kékeré, ìyípo 540 á di nǹkan bí 1,042 nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀bẹ. Bí siláṣà náà bá ń gé ibi tó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, ṣóńṣó ọ̀bẹ ń sáré mítà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ń lọ sí kìlómítà 295 ní wákàtí kan, eré tí ọkọ̀ kankan kì í sá lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Bí ó sì ṣe rí nìyẹn nígbà tí gbogbo nǹkan bá wà bó ṣe yẹ.

Agbára tó ń fa ọ̀bẹ síta kì í bá eré pọ̀ sí i ní ọ̀kan sí ọ̀kan. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀bẹ méjì kan wò, tí ọ̀kan fi gíráàmù 50 fúyẹ́ ju èkejì lọ, bóyá nítorí pé òkúta ti bù ú jẹ. Ká ní ibi tó bù náà jìnnà sí àárín tó mítà 0.7. Ní ìyípo 1,042, gíráàmù 50 yẹn ti di agbára tó tó ẹrù kìlógíráàmù 42, tó ń fa irin ìdúró sí apá kan, tí apá náà sì ń yí kiri nígbà mẹ́tàdínlógún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ríìnì lè fara da ìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Ká wá ní ẹnì kan fi siláṣà yìí kan náà sí ara P.T.O. 1,000: ọ̀bẹ á máa yí ní 1,930, gíráàmù 50 náà á wá di ẹrù tó ju kìlógíráàmù 140 lọ, ṣóńṣó ọ̀bẹ á sì máa sáré ju kìlómítà 540 lọ ní wákàtí kan. Kò sí bóótù ọ̀bẹ, kò sí irin ìbòrí siláṣà kankan tí wọ́n ṣe fún irú èyí. Bí ọ̀bẹ bá já níbẹ̀, ìbọn ló dà.

Báwo ni siláṣà 540 ṣe máa ń dé orí 1,000, tàbí kó kàn kọjá 540? Àwọn ọ̀nà tó ń gbà dé ibẹ̀ kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìsopọ̀ irin tí wọ́n ń tà lọ́jà, tó ní eyín 21 nínú àti eyín 6 lóde. Ó máa ń jẹ́ kí pòròpẹ́là wọlé, ó sì ti fagi lé ààbò tí àwọn tó ṣe katakata fi síbẹ̀. Irin kékeré yìí yẹ ní jíjù sí ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní í tó o mọ́. Èkejì ni ọ̀pá ìyíṣọwọ́ inú katakata tó ní ipò 540 àti 1,000, tí awakọ̀ tuntun bá ṣì í fà.

Ẹ̀kẹta ń fara sin, òun ló sì ń tan àwọn awakọ̀ tó nírìírí pàápàá jẹ. Àwọn katakata kan ní ipò tí wọ́n kọ 540E sí. Níbẹ̀, P.T.O. á dé 540 nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì lọ sókè púpọ̀, kí wọ́n lè fi díẹ̀ pamọ́ nínú dísù. Bí ó bá jẹ́ pé ìyípo 1,600 ni ẹ́ńjìnnì máa ń wà kí 540E tó pé, tí awakọ̀ tí igbó ń fún láàmú bá wá fún un níná dé 2,200, P.T.O. ti kọjá 740 nìyẹn. Agbára tó ń fa ọ̀bẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ rò pé òun ṣì wà lórí 540. 540E wà fún iṣẹ́ tí kò le. Siláṣà nínú igbó kì í ṣe iṣẹ́ tí kò le.

Ní ipò 540 lásán pàápàá, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá fún níná tán porogodo sábà máa ń gbé P.T.O. kọjá 540. Ojú mítà ìyípo ẹ́ńjìnnì ní àmì kan tó ń fi hàn ibi tí 540 wà. Ibẹ̀ ló yẹ kí abẹ́rẹ́ mítà dúró nígbà iṣẹ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé lára ọ̀pọ̀ katakata àlòkù, mítà yẹn ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wáyà rẹ̀ ti já, tàbí kó máa purọ́. Awakọ̀ á wá máa fi etí gbọ́ eré. Etí kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín 540 àti 625, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ yẹn tó láti fi ìdá mẹ́ta ohun tó wà tẹ́lẹ̀ kún agbára tó ń fa ọ̀bẹ.

Ohun tó lè yanjú èyí ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ka ìyípo, irú èyí tó ń lo iná. Wọ́n á tú pòròpẹ́là kúrò lára P.T.O., wọ́n á lẹ bébà dídán kékeré mọ́ ara ọ̀pá P.T.O. nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á dúró sí ibi tí aṣọ kankan kò lè kàn án, wọ́n á sì na iná ẹ̀rọ náà sí i. Wọ́n á máa sún ọwọ́ ìfúnná díẹ̀díẹ̀ títí tí iye náà á fi dé 540. Níbẹ̀ ni kí wọ́n ti fi ọ̀dà funfun fa ilà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìfúnná. Láti ọjọ́ náà lọ, awakọ̀ èyíkéyìí tó bá gun katakata yẹn mọ ibi tí yóò dúró, mítà ì báà kú ì báà má kú.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń lọ sókè fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un níná, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ siláṣà, ó ti di ti gófínà tó ń ṣàkóso eré ẹ́ńjìnnì nínú pọ́ǹpù dísù, kí wọ́n sì gbé e lọ fún ẹni tó mọ pọ́ǹpù. Kò yẹ kí wọ́n fi irú katakata bẹ́ẹ̀ ṣán oko rárá.

Àwọn katakata àtijọ́ kan tún ní ipò kan tó jẹ́ pé táyà ló ń darí P.T.O. dípò ẹ́ńjìnnì. Bí katakata bá sáré, P.T.O. á sáré, bí ó bá ń padà sẹ́yìn, P.T.O. á yí òdì. Ipò yìí kò yẹ fún siláṣà lọ́nàkọnà. Bí eré ọ̀bẹ bá ń pọ̀ tó sì ń dín bí katakata ṣe ń sáré tó sì ń rọra lọ, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Nígbà tí siláṣà bá ń ti katakata

Irú àsáré-jù kan wà tí kì í ṣe ti ọ̀bẹ. Irin agbọ́bẹ wúwo, bó bá sì ti ń yí kò fẹ́ dúró. Lára katakata tí kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ń darí táyà àti P.T.O. pọ̀, awakọ̀ lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ kó sì rí i pé katakata ṣì ń lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìyípo ọ̀bẹ ń padà gba pòròpẹ́là wọ inú gíà, ó sì ń ti táyà síwájú. Ó lè ti katakata wọ inú kòtò, tàbí lu ògiri, tàbí lu ẹni tó dúró níwájú. Ìrísí rẹ̀ jọ ti búréèkì tó kú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tú búréèkì tí kò ṣe nǹkan kan.

Ìsopọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fi sórí P.T.O. irú katakata bẹ́ẹ̀, tó máa ń jẹ́ kí agbára lọ láti katakata sí siláṣà, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kó padà. Bí wọ́n bá ti fi í sí i, kí wọ́n tún wọn pòròpẹ́là, nítorí ìsopọ̀ náà ti mú kí ọ̀nà láàárín katakata àti gíábọ́ọ̀sì kúrú sí i. Katakata tí P.T.O. rẹ̀ ní kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lọ́tọ̀ kò nílò rẹ̀.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Bí siláṣà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, awakọ̀ gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe lẹ́yìn tó bá parí ilà tó wà lórí rẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì òjijì lè túmọ̀ sí pé ọ̀bẹ kan ti já lọ tàbí pé bóótù ọ̀bẹ ti ń tú, ohun tí siláṣà bá sì jù lè fò tó ọgọ́rùn-ún mítà. Kó dín eré ẹ́ńjìnnì kù, kó yọ P.T.O., kó pa ẹ́ńjìnnì, kó yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọ̀bẹ á ṣì máa yí fún ìṣẹ́jú àáyá bí ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kó jókòó sórí katakata títí tí ìró rẹ̀ á fi dákẹ́ pátápátá.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wo abẹ́ siláṣà, igi ńlá tàbí irin tó lágbára ló gbọ́dọ̀ gbé e dúró. Hàìdírọ́líìkì kì í ṣe ohun ìgbéró. Síìlì kékeré kan tó bá já nínú rẹ̀ ti tó láti já gbogbo siláṣà lé ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀mí ti sọnù báyìí, kò sì sí iṣẹ́ tó kánjú débi tí kò ní í dúró de igi tí wọ́n máa fi tì í.

Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi awakọ̀ kò ju pé: nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tó kọlu ògán tàbí kùkùté, ọ̀bẹ tàbí irin agbọ́bẹ ló ti tẹ̀. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí wọ́n wo oríkèé pòròpẹ́là àti bẹ́ríìnì. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí mẹkáníìkì tún un ṣe, ohun tí mẹkáníìkì tò padà ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Bí ó bá sì jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e jáde lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, ìpẹtà ti di ọ̀bẹ kan mú lórí bóótù rẹ̀ tí kò fi lè nà jáde bíi ti èkejì, tàbí kí ẹrẹ̀ gbígbẹ ọdún tó kọjá wà lórí àwo irin ní apá kan.

Ìdánwò ìgbésókè

Ó dà bíi pé ẹni tí etí rẹ̀ bá mú lè fi bí ìgbọ̀nrìrì ṣe ń yára tó mọ ibi tó ti ń wá. Lára siláṣà, ó ṣòro. Pòròpẹ́là tó ń yí nígbà 540 ní ìṣẹ́jú kan ń yí nígbà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, oríkèé rẹ̀ tó bá ní àbùkù sì máa ń já ara lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nígbà 18. Ọ̀bẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba, níbi ìlọ́po 1.93, ń já ara nígbà bí i 17. Láàárín 17 àti 18, ìjókòó awakọ̀ kò lè sọ ìyàtọ̀. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ọ̀bẹ nígbà tó jẹ́ oríkèé ló bàjẹ́, tàbí kí wọ́n ra pòròpẹ́là tuntun nígbà tó jẹ́ pé ọ̀bẹ ni.

Ohun tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ìgbésókè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i dájú pé kò sí ọ̀bẹ tó já tàbí bóótù tó tú, kí wọ́n gbé siláṣà sílẹ̀ sí ipò iṣẹ́ níbi tó mọ́, tí kò sí ènìyàn nítòsí, kí wọ́n jẹ́ kó yí lórí eré kékeré, kí wọ́n sì máa mú un lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀ pẹ̀lú hàìdírọ́líìkì. Bí ìgbọ̀nrìrì bá pọ̀ nígbà tí wọ́n gbé e sókè, tó sì dín kù nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, pòròpẹ́là ni. Bí kò bá yí padà yálà ó wà lókè tàbí nílẹ̀, tó jẹ́ eré nìkan ló ń mú un pọ̀, ọ̀bẹ ni, tàbí ohun tó gbé ọ̀bẹ. Bí ó bá ṣì ń gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n ti tú pòròpẹ́là kúrò pátápátá, katakata ló ni ìṣòro.

Ọ̀bẹ

Ọ̀bẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, nítorí òun ló ń fara gba gbogbo ìyà. Kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn mú un, kí wọ́n fì í. Ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fì wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí bóótù rẹ̀, ṣùgbọ́n bóótù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ le dan-in dan-in. Bóótù tó bá ń mì ti ń jẹ ihò rẹ̀ fẹ̀, ihò tó fẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí ọ̀bẹ kan jìnnà sí àárín ju èkejì lọ. Ìmúle bóótù yìí lè ju 500 Newton-mítà lọ. Sípánà ọwọ́ kúkurú kò lè dé ibẹ̀; páìpù gígùn ni wọ́n máa ń fi bọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n mú ọ̀bẹ kan wá sí iwájú, kí wọ́n wọn bí ṣóńṣó rẹ̀ ṣe ga tó sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí wọ́n yí irin agbọ́bẹ kí èkejì wá sí ojú ibẹ̀ gan-an, kí wọ́n sì wọn òun náà. Bí ìyàtọ̀ bá ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ, nǹkan ti tẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀bẹ méjèèjì sí àyè ara wọn, kí wọ́n tún wọ̀n. Bí àbùkù bá tẹ̀ lé ọ̀bẹ, ọ̀bẹ ló tẹ̀. Bí àbùkù bá dúró sí apá tó wà tẹ́lẹ̀, irin agbọ́bẹ tàbí irin ìdúró ló tẹ̀, ìyẹn sì ni owó ńlá.

Ọ̀bẹ tó bá tẹ̀ kò ṣeé nà. Wọ́n ti sè é nínú iná nígbà tí wọ́n ń ṣe é kó lè le láìjẹ́ pé ó ń kán. Iná wẹ́dà tàbí òòlù alágbẹ̀dẹ á ba ìyẹn jẹ́. Ọ̀bẹ tí wọ́n jó pọ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó já, bí ó bá sì já, apá ibi tó máa gbà kò sí ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọn kì í ra ẹyọ ọ̀bẹ kan. Ọ̀bẹ tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ tó ti jẹ fún ọdún méjì kò lè dọ́gba láé, bí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan náà tilẹ̀ wà lára wọn. Méjèèjì ni wọ́n ń pààrọ̀ pọ̀ pẹ̀lú bóótù wọn, kí wọ́n sì gbé wọn lé òṣùwọ̀n kan náà kí wọ́n tó so wọ́n. Òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta ẹran tàbí ẹja tútù lọ́jà ti tó, bí ó bá lè fi gíráàmù hàn. Kò dára kí ìyàtọ̀ wọn ju nǹkan bí gíráàmù 30 lọ. Bí wọ́n bá ń pọ́n ọ̀bẹ, kí wọ́n pọ́n méjèèjì bákan náà, kí wọ́n sì fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ní bí mílímítà kan ààbọ̀. Ọ̀bẹ siláṣà kò gbọ́dọ̀ mú bí abẹ ìfárí; ẹnu tó fẹ́lẹ́ jù á fọ́ níbi òkúta àkọ́kọ́, fífọ́ rẹ̀ sì ni ìbẹ̀rẹ̀ àìdọ́gba tuntun.

Nígbà tí wọ́n bá wà lábẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n wo ìdí irin ìdúró dáadáa. Okùn ọ̀rá, wáyà ọgbà tàbí ìtàkùn lè lọ́ mọ́ ọn títí tí yóò fi wúwo lápá kan, wáyà tín-ín-rín sì máa ń wọ inú síìlì lọ, kó gé e, kí ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹni tó rí ọ́ìlì tó ń kán lábẹ́ gíábọ́ọ̀sì tó sì kàn ń bu òmíràn kún un kò tíì rí wáyà náà.

Pòròpẹ́là

Oríkèé pòròpẹ́là ní ìwà kan tí ojú kò lè rí. Bí ọ̀pá méjì bá jókòó ní kọ̀rọ̀ sí ara wọn, èkejì kì í yí ní dọ́gbadọ́gba bí àkọ́kọ́ bá tilẹ̀ ń yí ní dọ́gbadọ́gba. Ó ń yára, ó ń falẹ̀, ó ń yára, ó ń falẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Bí kọ̀rọ̀ náà bá kéré, bí ìwọ̀n 10, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan: láti 532 sí 548. Bí ó bá dé ìwọ̀n 30, ó ti di láti 468 sí 624. Gíábọ́ọ̀sì kékeré kan kò lè jẹ irú ìyẹn fún ọjọ́ pípẹ́.

Nítorí rẹ̀ ni pòròpẹ́là fi ní oríkèé méjì. Èkejì máa ń pa ohun tí àkọ́kọ́ ṣe rẹ́, ṣùgbọ́n lórí àdéhùn méjì. Ọ̀kan ni pé kí kọ̀rọ̀ méjèèjì dọ́gba, ìyẹn ni pé kí ọ̀pá P.T.O. àti ọ̀pá tó wọ gíábọ́ọ̀sì máa bá ara wọn lọ ní títọ́. Bí siláṣà bá ti dojú kọlẹ̀ jù, tàbí tí apá òkè tó dì í mú bá kúrú jù, àdéhùn yìí ti bàjẹ́. Iwájú siláṣà yẹ kó fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbígbé e sókè tipátipá nígbà tí P.T.O. ṣì ń yí tún burú jù. Ìró gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n tó máa ń ké nígbà náà ni ìró oríkèé tó ń jẹ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń yí padà ní òpin ilà, kí wọ́n gbé e níwọ̀nba, tàbí kí wọ́n yọ P.T.O. kí wọ́n tó gbé e.

Àdéhùn kejì ni pé kí àmúga méjèèjì tó wà lára ọ̀pá àárín kọjú sí apá kan náà. Ọ̀pá tó ní igun mẹ́rin lè wọ inú ara rẹ̀ lọ́nà tí àmúga kan á fi yà sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó tò ó kò bá wò ó. Nígbà náà, dípò kí oríkèé kejì pa àṣìṣe àkọ́kọ́ rẹ́, á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Siláṣà tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ kí wọ́n tó fa pòròpẹ́là yọ láti fi gíríìsì sí i, tó sì wá ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀: kí wọ́n fà á yọ, kí wọ́n yí i, kí wọ́n tì í padà.

Gígùn pòròpẹ́là náà ṣe pàtàkì. Níbi tó bá ti kúrú jù lọ, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku bíi mílímítà 25 kí ọ̀pá inú tó kan òpin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa ti bẹ́ríìnì P.T.O. àti ti gíábọ́ọ̀sì. Níbi tó bá ti gùn jù lọ, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú ara wọn. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n di oríkèé kọ̀ọ̀kan mú kí wọ́n mì í. Bí ó bá ń yẹ̀ sí apá kan tí ètù pupa bí ìpẹtà sì ń jáde nídìí kúróòsì tó wà nínú oríkèé náà, abẹ́rẹ́ bẹ́ríìnì inú rẹ̀ ti gbẹ. Gíríìsì ní wákàtí iṣẹ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan ló ń gbà á.

Ara ohun tó wà lọ́dọ̀ pòròpẹ́là ni bóótù ààbò, èyí tí wọ́n ṣe kó lè gé nígbà tí ọ̀bẹ bá kọlu ohun tó le, kí gíábọ́ọ̀sì má baà fọ́. Bóótù tó rọ̀ ni. Orí rẹ̀ sábà máa ń dán, láìsí ilà kankan. Èyí tó ní ilà mẹ́ta le jù ú lọ, èyí tó ní mẹ́fà sì le gan-an. Awakọ̀ tí bóótù bá gé mọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan máa ń wá èyí tó ní ilà mẹ́fà kó lè parí iṣẹ́, ohun tó sì ń gé tẹ̀ lé e ni eyín gíá. Irú bóótù tí ìwé ẹ̀rọ náà bá dárúkọ ni kí wọ́n rà, kí wọ́n sì ra púpọ̀ pamọ́. Níbi tó bá jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ ló wà dípò bóótù, ìpẹtà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè lẹ àwo rẹ̀ pọ̀ kó má lè yọ̀ mọ́. Kí wọ́n fi ọ̀dà fa ilà kan kọjá lórí àwọn àwo náà, kí wọ́n dẹ nọ́ọ̀tù rẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba, kí wọ́n fi P.T.O. yí i fún ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n wò bóyá ilà náà ti pín sí méjì. Bó bá pín, ó ti yọ̀. Kí wọ́n dá nọ́ọ̀tù padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Gíábọ́ọ̀sì àti ara siláṣà

Bí ọ̀bẹ àti pòròpẹ́là bá dára, ó ku gíábọ́ọ̀sì. Kí wọ́n di irin agbọ́bẹ mú ní etí, kí wọ́n gbé e sókè kí wọ́n sì tì í sísàlẹ̀. Bí irin ìdúró bá ń lọ sókè sódò tàbí sí ẹ̀gbẹ́, bẹ́ríìnì ìsàlẹ̀ ti jẹ. Ọ́ìlì gíá tó nípọn, irú bíi 90, ló ń wọ inú rẹ̀. Ọ́ìlì tó funfun bí wàrà ti gba omi, èyí tó ní irin wínníwínní tó ń dán ti ń jẹ gíá.

Kí wọ́n tún wo bóótù tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ìbòrí. Gbígbọ̀n ló ń tú wọn, títú wọn sì ń mú gbígbọ̀n pọ̀ sí i, nítorí náà kò bójú mu kí wọ́n kàn fún wọn tán kí wọ́n sì lọ, láìwá ohun tó kọ́kọ́ tú wọn. Irin ìbòrí fúnra rẹ̀ máa ń ya láti etí ihò bóótù wọ̀nyí, ìlà tín-ín-rín tó dà bí irun orí tí èérí koríko bò. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ibẹ̀ kí wọ́n tó wò ó. Ìbòrí yàtọ̀ sí ọ̀bẹ: òun ṣeé jó, bí wẹ́dà bá kọ́kọ́ lu ihò kékeré sí òpin ibi tó ya kó má baà tẹ̀ síwájú.

Lẹ́yìn àtúnṣe, wọn kì í gbé siláṣà wọ igbó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó yí lórí ilẹ̀ mímọ́, láti eré kékeré dé ibi ilà funfun ọwọ́ ìfúnná, kí awakọ̀ wà lórí ìjókòó kí ẹnikẹ́ni má sì wà lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí kò bá gbọ̀n, wọ́n á ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi igi ti siláṣà, wọ́n á sì tún fún bóótù ọ̀bẹ àti ti gíábọ́ọ̀sì, nítorí irin tuntun máa ń jókòó díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ àkọ́kọ́. Bóótù tó bá tún dẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò ní ìmúle tó kù. Kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tù tirẹ̀.